Epo jẹnẹ ló jẹ owó bàtà mi: bí mo ṣe ṣe MTC, ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, n'Íbàdàn kí n tó dé Accra

Àbúrò mi kan ní wọ́ọ̀dù wa, ìyẹn ìjọ àdúgbò wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba call ẹ̀, lẹ́tà tí ìjọ fi ń ránni lọ míṣọ̀n, iṣẹ́ ìwàásù, ló bá wá ń bi mí pé, "Sista, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ tẹ́ ẹ ti bọ̀, èló ló yẹ kéèyàn tọ́jú?" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, inú wá bí mi lẹ́yìn ẹ̀. Torí wọ́n máa fún un ní líìsì, líìsì gígùn báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì funfun mélòó, sọ́ọ̀kì mélòó, yẹ́lò káàdì, oògùn ibà, gbogbo ẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n kọ epo pẹtiróòlù sí nínú líìsì yẹn, mi ò tíì rí i títí dòní, bẹ́ẹ̀ epo ló gbowó lọ́wọ́ mi ju gbogbo nǹkan tó kù lọ. Mo ti parí míṣọ̀n mi o, mo ti dé láti Sierra Leone, mo ti gbájú mọ́ nǹkan míì, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí owó epo yẹn, ó ṣì máa ń ta mí lára.

Kí n yára ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀ wá. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ni mò ń lọ, Mọ́mọ́nì lèèyàn mọ̀ wá sí. Àwọn ọmọkùnrin wa máa ń lọ míṣọ̀n fún oṣù 24, ìgbà tí wọ́n bá ti pé ọdún 18 ni wọ́n ti lè lọ, àwa obìnrin oṣù 18, títí di November 2025 a sì gbọ́dọ̀ ti pé 19 ká tó lè lọ. Tẹ́lẹ̀, 21 ni fún obìnrin, October 2012 ni Thomas Monson, ààrẹ ìjọ wa nígbà yẹn, kéde pé wọ́n ti gbé e wálẹ̀. Ọmọ ogún ọdún lèmi nígbà tí mo lọ, ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, mi ò bá ṣì jókòó sílé. Wọn kì í sanwó fún wa, ìwọ kọ́ lo sì máa yan ibi tó o fẹ́ lọ, inú lẹ́tà lo ti máa rí i, wàá ṣí i lórí fóònù, gbogbo ilé á ti pé lé ẹ lórí. Tèmi jáde, Sierra Leone Freetown Mission. Màámi ní, "Ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń jagun nìyẹn?" Mo ní Màámi, 2002 logun yẹn parí, ẹ ò tíì bí mi.

Ti fọ́ọ̀mù, dókítà, dókítà eyín, bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù, ààrẹ stake tó jẹ́ olórí àwọn wọ́ọ̀dù agbègbè wa, páàsípọ́ọ̀tù, ìyẹn ò le, ẹ kàn máa tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni. Aba la ti lọ ṣe ti tẹ́ḿpìlì, ilé mímọ́ tí a ti ń gba àwọn ìlànà ìjọ, torí òun nìkan ló wà ní Nàìjíríà nígbà yẹn, ọkọ̀ Íbàdàn sí Aba yẹn ò ṣe é fẹnu sọ, ṣùgbọ́n mo ti dárí ji dẹ́rẹ́bà ẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tó ń dùn mí.

MTC ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ míṣọ́nnárì níṣẹ́ kó tó bọ́ sójú títì. Èyí tó tóbi jù wà ní Provo, ní Utah, l'Amẹ́ríkà, tiwa lápá ibí wà ní Ghana. Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn Ghana yẹn lẹ́nu àwọn tó ti lọ, pé bẹ́ẹ̀dì báyìí, oúnjẹ báyìí, orin báyìí. Àṣé látìgbà kòrónà ní 2020 ni wọ́n ti gbé apá kan ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ẹ lo ti máa ṣe apá àkọ́kọ́, lórí Zoom, lẹ́yìn ìyẹn lo tó máa wọ bàlúù. Èrò tó dáa ni o, mi ò sọ pé kò dáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàámi kan tó wà ní Houston ṣe tiẹ̀ nínú yàrá ẹ̀, èéyàsì ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí i lára, ó wá ń sọ fún mi lórí WhatsApp pé kò sóhun tó le níbẹ̀, kí n sáà máa gbàdúrà. Houston kẹ̀! Apáta n'Íbàdàn lèmi wà.

Ìgbà tó bọ́ sí gan-an ni kẹ́ ẹ wá wò. Oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba tuntun dé tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 200 náírà lítà kan, nígbà tí July fi máa dé àárín, ó ti lé ní 600. July yẹn náà ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà mi pé kí n bẹ̀rẹ̀. Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀, a ń jẹun lọ́wọ́ lálẹ́, a kàn gbọ́ GBÒLÀ lókè àdúgbò, gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn ọmọdé pariwo. Tiransifọ́mà ti jó. Àwọn oníná dé lọ́jọ́ Monday, wọ́n gbójú sókè wò ó, wọ́n fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju ìyẹn lọ. Bàbá alága àwọn landlord wá pe mítíìnì, ó ní ká dáwó, àwọn kan ní àwọn ò ní dá, pé kì í ṣe tiransifọ́mà bàbá àwọn, wọ́n bá jọ ń bú ara wọn lọ.

Tuesday, ààrẹ stake gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó yà mí sọ́tọ̀, láti ìṣẹ́jú yẹn míṣọ́nnárì ni mí. Kì í ṣe pé tí mo bá dé Ghana o, láti alẹ́ yẹn ni. Kò sí fíìmù mọ́, kò sí ká máa gun TikTok kiri, kò sí "mò ń bọ̀, mo fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mi", àsìkò tí wàá jí àti àsìkò tí wàá sùn ti wà nílẹ̀. Sístà Báyìí ni orúkọ mi báyìí. Ẹ wá lọ ṣàlàyé ìyẹn fún Màámi, tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó ní, "Sístà, lọ bá mi ṣí ìsọ̀."

Ẹja yìnyín ni Màámi ń tà, ẹja àti adìẹ, fírísà méjì ló wà ní ìsọ̀ tó wà níwájú ilé wa. Jẹnẹ kan ṣoṣo la ní. Tí iná bá wà, à ń lò ó díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n báyìí tí tiransifọ́mà ti jó, jẹnẹ yẹn ló ń gbé ẹja, ẹja kì í sì í dúró de èèyàn. Màámi máa ń tàn án láàárọ̀ kùtù kí yìnyín lè dì, á pa á, á tún tàn án lálẹ́. Ojúmọmọ tí kíláàsì mi máa ń wáyé gan-an ni jẹnẹ máa ń sinmi. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ní Màámi, ẹ jẹ́ ká yí i padà, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ní, "Ta ló máa ra epo ọ̀sán? Ọlọ́run yín ni?" Kì í ṣe pé wọ́n burú o, Áńgílíkà ni wọ́n, Bàámi ló mú àwa ọmọ wọ ìjọ yìí, Bàámi sì wà níbi iṣẹ́ l'Abẹ́òkúta, owó epo ẹja ni wọ́n ń rò. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ inú owó bàtà nìyẹn. Mo fún wọn ní owó epo ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fún wọn ní ti ọjọ́ kejì, kẹ́ni má gùn ún lọ títí, owó tí mo tọ́jú fún bàtà méjì tó lágbára àti báàgì onítáyà kò tó bàtà kan mọ́ nígbà tó yá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Timetable tí wọ́n fún wa, àsìkò Ghana ni. Àwọn fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí wa. Tí wọ́n bá kọ aago mẹ́jọ síbẹ̀, aago mẹ́sàn-án tiwa ni. Kò sẹ́ni tó là á mọ́lẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, aago mẹ́jọ géérégé tiwa ni mo ti tan jẹnẹ, mo ti wọ síkẹ́ẹ̀tì, mo ti dirun, mo jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, odindi wákàtí kan ni mo fi ń wo ojú ara mi lórí Zoom, epo sì ń jó lọ. Wákàtí kan! Nínú epo July 2023!

Nígbà tí kíláàsì wá bẹ̀rẹ̀, ariwo jẹnẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Títíṣà wa, arákùnrin kan ní Ghana tí ohùn ẹ̀ rọ̀ dáadáa, á ní, "Sister, please mute." Mo mú wáyà ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n, mo fà á gba ojú fèrèsé dé yàrá Ìyá Àgbà tó wà níwájú pátápátá, ibẹ̀ ló jìnnà sí jẹnẹ jù. Ìyá tó bí Màámi ni, Alhaja ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn àlejò. Mo ti gbàgbé pé kámẹ́rà wà ní títàn, mò ń sọ ìtàn Joseph Smith, ẹni tó dá ìjọ wa sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ní ká máa sọ ọ́, ohùn mi ti ń lọ dáadáa, mo kàn rí i tí ojú gbogbo kíláàsì yí padà. Ìyá Àgbà ti dé ẹ̀yìn mi, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè hàn nínú láptọ́ọ̀pù, gèlè wọn gba gbogbo ojú Zoom, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé Àjọkẹ́ mi lọ?" Kọ̀ńpáníọ̀n mi, ọmọ Kumasi kan tí wọ́n so mí pọ̀ mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ń juwọ́ sí wọn. Títíṣà náà ń juwọ́. Wọ́n tún gbé Lipton gbígbóná wá fún mi, èyí tí àwa ò gbọ́dọ̀ mu, wọ́n gbé e ka iwájú mi lójú gbogbo míṣọ́nnárì West Africa.

Mo mọ̀ pé ó ń pa yín lẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀kọ́ àfidánrawò. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nìyí: títíṣà á ṣe bí ẹni tí a lọ bá nílé, ẹ̀yin méjì á sì kọ́ ọ, ẹ máa bi í léèrè ọ̀rọ̀, ẹ máa gbọ́ tẹnu ẹ̀, ẹ má kàn máa rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé e lórí, kẹ́ ẹ wá pè é pé kó ṣe nǹkan kan, kó ka ìwé, kó gbàdúrà, kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ gidi ni o, ẹni tó bá rò pé ìwàásù lásán ni, kó dán an wò. Ọjọ́ kan a ní ká kọ́ obìnrin kan tí ọkọ ẹ̀ pàdánù iṣẹ́, èmi àti ọmọ Kumasi ti múra ẹ̀ sílẹ̀ lóru, èmi ni mo máa sọ apá tó ṣe pàtàkì, mo ti mọ ẹsẹ Bíbélì tí mo fẹ́ kà. Mo bẹ̀rẹ̀, obìnrin yẹn, ìyẹn títíṣà, ti ń mi orí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń wọ̀ ọ́ lára, mo ní "Ǹjẹ́ ẹ máa..." PÀÁ. Jẹnẹ kú. Epo ti tán. Mo sáré jáde, mo sáré wọlé, mo kán sí fóònù, fóònù ní bàtìrì 4%, mo rí epo díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì tí Màámi fi pa mọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, mo dà á, mo fà á, ó kọ̀, mo tún fà á. Nígbà tí mo fi máa padà dé orí Zoom, obìnrin náà ti gbà láti ṣe ìrìbọmi. Ọmọ Kumasi ti parí ẹ̀. Títíṣà ní, "Sister, you missed a beautiful moment." Mo dákẹ́, mo fi àárẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, òógùn ń ṣẹ́ mi lójú, gbogbo ọwọ́ mi ń rùn fún epo.

Ti dátà náà ò kẹ̀rẹ̀. Mo ra èyí tí wọ́n ní ó máa tó fún oṣù kan, kò lò tó ìdajì ọ̀sẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi ti ríran, ó ti rí íntánẹ́ẹ̀tì tí ò rí láti bí oṣù mẹ́fà, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe update lábẹ́lẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí "Working on updates, don't turn off your computer" bí mo ṣe fẹ́ wọ kíláàsì, 23%, ó dúró síbẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀!

Ní àárín gbogbo eléyìí náà ni bùrọ̀dá kan ládùúgbò wa, tó máa ń jókòó sídìí ayò, gbọ́ pé mò ń lọ, ló bá lọ ka nǹkan lórí Google, ó dé bá mi lójú fèrèsé: "Ṣé kì í ṣe ìjọ tí kì í fún aláwọ̀ dúdú ní oyè àlùfáà lo ń ná gbogbo owó yìí sí?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé e lọ bá títíṣà ní kíláàsì, mo sì rò pé ó máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́. Ó ní òótọ́ ni, títí di June 1978 wọn kì í fi ọkùnrin tó jẹ́ ìran Áfríkà joyè àlùfáà, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn èèyàn wa gba ìlànà inú tẹ́ḿpìlì, ìgbà Ààrẹ Spencer Kimball ni wọ́n tó pa òfin yẹn tì, ó ní kí n máa sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi igbá bò ó. Ó ní àwọn èèyàn tiwa ní Nàìjíríà àti ní Ghana ti ń kó ara wọn jọ sìn ṣáájú ọdún yẹn, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Utah, níbi tí orílé-iṣẹ́ ìjọ wà, pé ẹ wá, kò sí míṣọ́nnárì tó wá jókòó tì wọ́n, November 1978 làwọn àkọ́kọ́ tó dé, tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna àtàwọn ẹbí ẹ̀ nílẹ̀ Ìgbò. Mo padà lọ bá bùrọ̀dá yìí nídìí ayò, Ìyá Àgbà tẹ̀ lé mi lẹ́yìn torí mi ò gbọ́dọ̀ dá rìn, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n sọ. Ìwúrí ńlá ni fún mi. Ẹni tí ò jẹ́ kí n rímú mí yẹn ló kọ́kọ́ fún mi lẹ́kọ̀ọ́ tó wúlò fún mi jù ní Freetown, torí ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n ń bi mí níbẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí owó ti ń tán lọ gbáà, mo pe bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù ní, "Ah ah, kí ló dé tó ò sọ? Ṣé kò sí Wi-Fi ní chapel ni?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù. Wi-Fi wà ní chapel, jẹnẹ ńlá wà, epo ìjọ ló ń jẹ, yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ wà tó ní tábìlì àti fáànù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n wá sílé wa tí wọ́n ń kí mi kú oríire, kò sẹ́ni tó rántí sọ ọ́. Wọ́n sáà ní obìnrin kò lè dá wà níbẹ̀, wọ́n bá ní kí màmá kan láti Relief Society, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, máa wá jókòó tì mí.

Màmá yìí ń ta ẹ̀wà ní ọjà. Wọ́n á gbé àtẹ ẹ̀wà wọn wá, wọ́n á jókòó sígun yàrá, wọ́n á máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kán, kán, kán, nínú abọ́ páànù. Ohùn yẹn nìkan ló ń dún ní gbogbo kíláàsì mi, lẹ́yìn jẹnẹ Màámi, orin ọ̀run ni. Tí kíláàsì bá parí, wọ́n á ní ó yá, wá kọ́ èmi náà bí ẹni pé mi ò mọ Ọlọ́run. Ẹ ò rí àyẹ̀wò! Títíṣà orí Zoom máa ń tètè gbà, màmá yìí kò ní gbà. Mo ní kí wọ́n ya ọjọ́ Sunday sọ́tọ̀, wọn ò ní gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, Sunday ni ọjà mi ń tà jù. Ta ló máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi?" Mo ní Ọlọ́run á pèsè. Wọ́n ní, "Gbogbo èèyàn ló ń sọ ìyẹn. Ìwọ ńkọ́, kí lo ti pàdánù rí nítorí Sunday?" Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Wọ́n wá sọ tiwọn fún mi, ọdún tí wọ́n pa ọjà Sunday tì, bí àwọn oníbàárà kan ṣe lọ tí wọn ò padà mọ́ títí dòní, wọn ò fi oyin sí i. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ yẹn ni mo jí gbé, òun ni mo lò fún oṣù 18. Ká ní ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́, bàtà mi ì bá wà lẹ́sẹ̀ mi.

Accra ò gba àsọjù. Bàlúù láti Èkó kò tó wákàtí méjì, wọ́n wá gbé wa ní pápákọ̀, wọ́n fún wa ní táàgì dúdú tí orúkọ wà lára ẹ̀, mo rí ọmọ Kumasi, ó ga jù bí mo ṣe rò lọ, a dì mọ́ra wa bí ẹni tó ti mọ ara wọn tipẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la máa ń jí, mẹ́wàá ààbọ̀ iná á kú, àwa fúnra wa la sì máa ń pa á, kì í ṣe oníná. Níbikíbi tó o bá ń lọ, kọ̀ńpáníọ̀n ẹ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ẹ, àfi ilé ìwẹ̀. Inú yàrá wa, ọmọ Ivory Coast méjì ń fi Faransé gbàdúrà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, èmi ń fi Yorùbá gba tèmi nísàlẹ̀, ọmọ Kumasi ń fi Twi gba tiẹ̀. Oúnjẹ pọ̀. Mo fẹ́ràn waakye, ṣùgbọ́n kenkey yẹn dà bí ẹ̀kọ tó ti bínú, ẹ má bá mi jà, ẹ̀yin ará Ghana. Ọjọ́ P-day, ìyẹn ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ wa lọ́sẹ̀, a fọṣọ, wọ́n kó wa lọ sí tẹ́ḿpìlì Accra, èyí tí Ààrẹ Gordon Hinckley yà sí mímọ́ ní January 2004, ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo máa kọ síbí, ṣùgbọ́n ara mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí epo rárá.

Àfi ìgbà tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní Accra ni inú tún bí mi. Nǹkan tí a kọ́ lórí Zoom náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀! Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, ìtàn Joseph Smith, gbogbo ẹ̀. Títíṣà ní torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà láàmú nílé, káwọn má bàa fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ṣírò lítà epo nínú orí mi. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, nígbà tí wọ́n pè wá síwájú láti kọ́ ẹ̀kọ́ lójú gbogbo èèyàn, èmi àti ọmọ Kumasi la ṣe dáadáa jù, títíṣà míì tún wá wò wá. Mo lo ti màmá ẹlẹ́wà. Mo lò ó tán pátápátá.

Ọjọ́ P-day yẹn náà ni mo pe ilé. Láti February 2019 ni wọ́n ti gbà kí míṣọ́nnárì máa pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Màámi gbé e, mò ń gbọ́ fáànù lẹ́yìn wọn. Mo ní Màámi, ṣé jẹnẹ lẹ tàn ni? Wọ́n ní rárá o, ọjọ́ kejì tó o lọ ni wọ́n gbé tiransifọ́mà tuntun wá, iná ò tíì lọ látìgbà yẹn, ẹja ti dì gbagidi. Inú wọn ń dùn, wọ́n ní àdúrà mi ló gbà. Mo ní àmín. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Nítorí náà, àbúrò mi, kó o tó ra lítà epo kan ṣoṣo, lọ bá bíṣọ́ọ̀bù kó o gba àyè ní chapel, má dúró dìgbà tó máa rántí. Bi wọ́n léèrè pé àsìkò ìlú wo ni wọ́n kọ sí timetable. Pa update láptọ́ọ̀pù yẹn, tàbí kó o lọ fi Wi-Fi ẹlòmíì ṣe é tán kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó dé. Kámẹ́rà, máa rí i pé ògiri ló wà lẹ́yìn ẹ, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Wá màmá kan tí ò ní tètè gbà fún ẹ, kó máa yọ ẹ́ lẹ́nu kó o tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n máa rọra gbà. Bàtà sì ni kó o kọ́kọ́ rà, kó o rà á kí owó tó débòmíì, torí èyí tí mo fi owó tó ṣẹ́ kù rà ní Gbági, òkè Freetown ló bá a, abẹ́ ẹ̀ ṣí kí oṣù méjì tó pé, ṣúmékà ibẹ̀ gba owó ju iye tí mo fi rà á lọ. Ẹ̀yin ará wọ́ọ̀dù náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un lẹ́bùn, ẹ jọ̀ọ́, táì ti tó, ó ti ní mẹ́fà, ẹ fi dátà ránṣẹ́ sí i.